Ìyá Ìbejì Méjì Lórí Bẹ́ǹṣì Kan

Ẹnu Bọ̀ọ̀dá Sùlé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Èkó. Télọ̀ ni, ọmọ àdúgbò wa ní Kétu, Kétu tilé, èyí tó wà lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Láti kékeré ló ti ń ránṣọ ní Muṣin. Bí ọdún Iléyá bá ti dé, á wálé, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò bàbá mi, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwa ọmọdé á pé yí i ká. Ìtàn náà lè gba ibi tó bá wù ú, ibì kan náà ló máa ń parí sí. Á ní: "Èkó á fún yín lóúnjẹ, á fún yín níṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá yín sọ yín, ẹ fi í sílé kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa pè é."

A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ la kà á sí. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Bí mo ṣe rìn débẹ̀ kò ní ìtàn kan nínú, ẹ jẹ́ n fo ìyẹn. Ohun tó gbé mi lọ ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kadà ni mò ń gùn nílé. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gùn ún, aláìsàn àti aboyún ni mo sì máa ń gbé jù, láti abúlé lọ sílé ìwòsàn. Bí mo bá gbé wọn débẹ̀ tán, mi ò ní lọ. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń di egbò, ẹni tó ń fọwọ́ gbé aboyún lápá wọlé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe dókítà, olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ rí, àwọn náà ló sì máa ń rí kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣe. Kò bi mí nípa ọjọ́ orí mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó o sọ ọ́."

Bọ̀ọ̀dá Sùlé ló bá mi wá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yàbá tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko, ìwé oyè nígbẹ̀yìn. Òun náà ló fún mi ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ìyẹn nílé kí wọ́n tó gbà mí wọlé, lórí ọ̀kadà náà ni mo sì ti kọ́ ọ, tí mò ń ka ọ̀rọ̀ sókè tí èrò ẹ̀yìn mi ń bi mí pé ta ni mò ń bá jà.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Muṣin ni ìkíni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo jáde sí títì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú àárọ̀, mà. Ṣé dáadáa la jí? Kí n tó dé ìkóríta àkọ́kọ́, mo ti kí tó ogójì ènìyàn. Mẹ́ta ló dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ní kí ni mò ń tà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni búrẹ́dì. Búrẹ́dì tiwa gùn bí ọ̀pá, ó le lẹ́yìn, bí o bá ṣẹ́ ẹ, á dún. Tiwọn dùn, ó funfun nínú, ó sì rọ̀ bí ìrọ̀rí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jẹ ẹ́ tí mò ń wá ibi tó yẹ kí eyín mi ti ṣiṣẹ́. Nísinsìnyí, bí mi ò bá rí i jẹ láàárọ̀, ojú mi kì í là.

Ní kíláàsì, èmi ni àgbà gbogbo wọn. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Kétu. Wọ́n ní, ṣé Kétu tó wà lọ́nà Máìlì Tuẹ́lìfù ni, ẹnìkan ní àǹtí òun ń gbé ibẹ̀. Mo ní rárá, Kétu tilé, lódìkejì bọ́dà. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn kíláàsì ní, "Háà, Kútọnu." Mo ṣàlàyé pé Kútọnu jìnnà sí wa, pé etí òkun ni wọ́n wà, pé àwa kò lókun, pé ọmọ Káàárọ̀-oòjíire kan náà ni èmi pẹ̀lú wọn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Kútọnu ni mò ń jẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìlú tí n kò gbé rí ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pè é, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Jíbówú ni mò ń gbà kọjá láràárọ̀ bí mo bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yàbá. Àwọn tó ń kó èrò sí ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn a máa fa orúkọ ìlú gùn lẹ́nu bí ẹni ń ké ewì. Bìní, Àsàbà, Ọ̀wẹrì, Ẹnúgu. Mo máa ń dúró díẹ̀ gbọ́ wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ wọkọ̀. Mo kàn ń tẹ́tí bóyá ẹnìkan á ṣèèṣì pe Kétu. Ọ̀kan nínú wọn rí mi ní ọjọ́ mẹ́ta léra, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ̀ ń lọ gan-an?" Mo ní ilé ìwé. Ó wo irunmú mi tó ti ń funfun, ó wo báàgì tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ ò ṣeré rárá." Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń bọ̀, á yà fún mi, á sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjá.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kì í sọ hẹ̀lóò. Oríkì mi ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Á kì í, á sún mọ́ oríkì ilé, á gba ti bàbá mi kọjá, á tún padà sórí tèmi. Èmi á tẹ fóònù mọ́ etí, á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá rí mi níbi tí mo jókòó sí lórí àpótí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lè rò pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń tú fún mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ló ń gbé mi títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ẹ má rò pé ìbànújẹ́ ni mò ń sọ. Bí mo ṣe ń ṣàárò ilé ni mò ń gbádùn ara mi. Rónkẹ́ wà, ọmọ Àgùdà, ọmọ ogún ọdún tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì. Òun ló ń kọ́ mi lórúkọ egungun ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde láìjẹ́ kí ara ta á, nítorí mo ti gbé wọn sọ̀ lórí ọ̀kadà ju iye tí mo lè kà lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ẹ̀rọ tí dókítà máa ń fi sétí, Bọ̀ọ̀dá Sùlé ni mo so àpò atẹ́gùn mọ́ lápá. Mo fún un, mo tú u díẹ̀díẹ̀, mo sì gbọ́ ọ: kì, kì, kì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti wo nọ́ńbà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní ṣé ọwọ́ òun ni mo fẹ́ gé ni. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ti wọn ìfúnpá rẹ̀ kó tó lọ.

Ìparí ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n rán wa lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Muṣin ni wọ́n fi mí sí, níbi tó jẹ́ pé àwọn ìyá àti bàbá àgbà ló ń wá jù. Mátírọ́ọ̀nù tó ń darí ibẹ̀ kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ á dúró. Ó ní iṣẹ́ mi kò le. Kí n mú káàdì, kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n pe orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sókè, kí n béèrè ọjọ́ ìbí, kí n mú ẹni náà wọlé, kí n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan á wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá yege, á bọ́ sí ọdún kejì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé ló ń lọ, kò sí àtúnṣe.

Mo mú káàdì àkọ́kọ́. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo la ẹnu. Ohùn kò jáde.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ó yé yín. Obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi, kí n dúró sókè kí n máa ké orúkọ rẹ̀ ketekete bí ẹni ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́? Ìyá mi gan-an kò pe ọmọ kankan tó bá nílé ọkọ ní orúkọ rí. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù, tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí ìyá mi wọlé, Akọ̀wé ló ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ bíríkìlà ni.

Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Ní kùtùkùtù, mo máa ń lọ kí wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, mo sì ń mọ ẹni tí wọ́n ń jẹ́ nílé. Bàbá Káfíńtà. Ìyá Aláṣọ. Bàbá Onírédíò. Bí káàdì wọn bá kàn, orúkọ yẹn ni mo fi ń pè wọ́n, wọ́n á sì dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, tó ń dùn mọ́ mi nínú. Bàbá Káfíńtà tiẹ̀ sọ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, káàdì tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti Ìyá Ìbejì, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wọlé wá mà." Ìyá kan dìde, ó wọlé, mo gbé àga fún un, mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo kọ ọ́ sórí káàdì, mo sì fà á lé Mátírọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Mátírọ́ọ̀nù ka káàdì, ó fa oògùn ṣúgà sínú abẹ́rẹ́. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá, ẹ dárúkọ yín fún mi."

Ìyá náà dá orúkọ rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wo káàdì. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó wò mí. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí n gbà?" ni ìyá náà wí. "Kò burú o, ṣùgbọ́n ojú ló ń dùn mí."

Lóde, lórí bẹ́ǹṣì, Ìyá Ìbejì tó ni káàdì ti gbé orí lé èjìká ẹni tó jókòó tì í, ó ń sùn.

Mátírọ́ọ̀nù dúró kí ìyá náà jáde. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn lè pa á. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ń bù fún un, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á."

Mo ní ẹ máà bínú, mà.

"Ìyá Ìbejì pọ̀ ní Muṣin. Ẹni tó ni káàdì yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí mo bá tún gbọ́ Ìyá Ìbejì lẹ́nu yín lọ́jọ́bọ̀, ẹ máa di ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa lọ Kútọnu."

"Kétu ni, mà."

"Kẹ́ ẹ máa lọ Kétu."

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ju ìbáwí lọ ni pé mi ò wo ojú ìyá náà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè é, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo Yàbá ń ṣe sí mi ni èmi náà ṣe sí arúgbó, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Rónkẹ́ ní kò sí wàhálà, pé ohùn mi ló ti, òun á ṣí i. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kọ orúkọ sórí pépà pélébé, ó fi téèpù wíwọn aṣọ kọ́ ọrùn bí dókítà, ó jókòó sẹ́yìn máṣíìnì, ó ní kí n máa pè é. Mo pe àkọ́kọ́, ó ní òun kò gbọ́. Mo pe èkejì, ó ní ṣé Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní ẹ̀kẹta. Mo mí kanlẹ̀, mo kọjú sóde, mo sì pè é tọkàntọkàn: "Músílímótù Abẹ̀kẹ́!"

Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri, níbi tí Ìyá Alátẹ ti ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì. "Ta nìyẹn? Ta ló ń polówó mi bí ẹ̀pà?"

Orúkọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Rónkẹ́ kàn hun ún jọ lórí ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú àgékù aṣọ àti òwú tó wà nílẹ̀, Rónkẹ́ ti wọ abẹ́ tábìlì lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Alátẹ dúró lé mi lórí, ó ní kí bàbá òun tó kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dán an wò láàárín ọjà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, Bọ̀ọ̀dá Sùlé gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń ránṣọ fún ìyá yẹn, òní lòun mọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù. Mo rò pé á káàánú mi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ó rín in títí tó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Ó ní lọ́dún tí àwọn akọ̀wé ìjọba wá ka ènìyàn nílé wa, wọ́n jókòó sójúlé, wọ́n ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa bọ̀. Àwọn akọ̀wé ìjọba náà kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń béèrè, olúkúlùkù sì ń dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lòun ti ń ṣa ẹ̀wà, ọjọ́ yẹn gan-an lòun sì mọ orúkọ Akọ̀wé, àbúrò bàbá mi.

"Ṣé ẹ wá ń pè é?" ni mo bi í.

"Kí n pè é kẹ̀? Ọkọ mi ni. Mo kàn gbọ́ ọ ni. Gbígbọ́ kì í ṣe pípè."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Orúkọ onílé, ẹnu onílé ni wọ́n ti ń gbà á," ni ìyá mi wí. "Tọrọ rẹ̀ bí ẹni ń tọrọ omi. Ta ni yóò fi omi dù ọ́?"

Ọjọ́bọ̀ dé. Obìnrin tó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó mú fọ́ọ̀mù àti báírò lọ́wọ́, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tó ti lè rí inú àti ìta. Bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn Ìyá Ìbejì méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́ látàrí èmi. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

Mo kó gbogbo káàdì dání. Mi ò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo jáde lọ bá wọn, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹni àkọ́kọ́, Bàbá Káfíńtà, mo sì rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, orúkọ tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ ìkómọ, ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Bàbá wò mí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó wá dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ mẹ́rin gbáko, bí ẹni ń kó aṣọ tó dáa jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Mo ní ọjọ́ ìbí ńkọ́, sà? Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ni wọ́n bí àkọ́bí òun, òun sì ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà. A jọ ṣírò ó níbẹ̀, ó bá káàdì mu. Mo fi káàdì náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó dì í mú. Mo bọ́ sórí ẹnìkejì. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń tún ara ṣe dè mí. Ẹnìkan ń dá orúkọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fi oríkì tì í lẹ́yìn. Ìyá kan ní kí n má kánjú, pé òun kò tíì dé orí orúkọ tí ìyá ọkọ òun sọ òun.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì tí ojú ń dùn. Ó ní, "Dókítà, ẹ wò mí dáadáa lónìí o. Èmi kọ́ ni mo ni ṣúgà."

"Ṣúgà tèmi ni," ni ìkejì rẹ̀ wí. "Ẹ má jí i gbé."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá bá mi, ó ní kí ló dé tí mi ò dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n pè wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mátírọ́ọ̀nù ti yọjú.

Mo ní, "Mà, bí mo bá pe orúkọ, ẹnikẹ́ni ló lè dìde. Bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ọ́, olórúkọ nìkan ló lè sọ ọ́."

Ó padà sórí àga rẹ̀. Ó kọ nǹkan. Ohun tó kọ ni mi ò mọ̀, mo sì níláti máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì tó ni ṣúgà ló kọ́kọ́ kàn láti wọlé. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo ní, ẹ jẹ́ á lọ, mà. Ó wọlé pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo tún béèrè nínú ilé, ó tún sọ ọ́: Sàfúrátù Àṣàbí. Ó bá ti káàdì mu. Mo so àpò atẹ́gùn mọ́ ọn lápá. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti gba orúkọ mi láàárọ̀ yìí. Kí ni tìẹ?"

Báírò obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró.

Mo ní, "Ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi, mà. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń fún un lọ́wọ́, ìfúnpá rẹ̀ máa ń lọ sókè."

Ó pa ẹnu dé bí ọmọ ilé ìwé. Mo fún un, mo tú u, mo gbọ́ kì, kì, kì. Àádóje lórí ọgọ́rin. Mo kọ ọ́. Mo tú àpò náà kúrò lápá rẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà."

"Ó dáa. Kí lorúkọ rẹ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti wà ní Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn láìjẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló fẹ́ fi kún. Ó ní, oríkì ńkọ́? Mo sọ ìyẹn náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, wẹ́lẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó tún pè é, lọ́tẹ̀ yìí bí ìyá mi ṣe ń pè é gan-an, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sísàlẹ̀. Mo kàn kúnlẹ̀ bá a wá bàtà rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ àga, mo sì pẹ́ lábẹ́ àga yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí gbogbo bẹ́ǹṣì tán, obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì pè mí. Orúkọ mi wà lórí fọ́ọ̀mù tó mú dání, mo rí i níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Síbẹ̀, ó gbé báírò sókè, ó ní, "Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Ó sàmì síbì kan, ó ní àá ríra ní ọdún kejì.

Mátírọ́ọ̀nù mú búrẹ́dì tó rà fún ara rẹ̀, ó dá a sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Rónkẹ́ tó wá ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá débẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì báyìí, pé èmi ni mo kó èékún ríro bá àwọn.

Mo pe ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ náà, mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Bó ṣe gbé fóònù, kò kì mí. Ó ní ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pé mo yege ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí nǹkan kan, mo sì ń gbọ́ ọ lókèèrè tó ń pe àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, Akọ̀wé, Ìbàdí-àrán, Ọmọ-pupa, gbogbo wọn ní orúkọ tó sọ wọ́n.

Ọdún kẹta ni mo wà báyìí, ìwé oyè kò jìnnà mọ́. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ṣì ń lọ sílé lọ́dún Iléyá, ó ṣì ń na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní ìtàn mi ló ń pa báyìí, ó sì ti fi púpọ̀ kún un. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tó ń parí rẹ̀ sí kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ wọn ní Èkó. Kò sọ fún wọn pé àwọn náà lè kọ́kọ́ béèrè ti ẹlòmíràn.

Mo ti sọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Sùlé fún yín, mo sọ ti Rónkẹ́, mo sọ ti ìyá tó ni ṣúgà àti ti ìyá tó ń ta ọṣẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí tí ẹ ń gbọ́ ọ, èwo nínú yín ló ti bi mí pé, ìwọ ńkọ́, kí lorúkọ rẹ?